Wọn Ò Tíì Ní Kó Dìde

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó ti Ọjà-Ọba dé, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí ọmọbìnrin mi ń wò tún wá dá kún un. Ariwo ṣáá! Wọ́n ń lé ewúrẹ́, wọ́n ń ṣubú, wọ́n fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín tipátipá.

Àfi obìnrin tó ṣe ìyàwó ilé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn gbàgbé láti ní kó dìde, ó sáré tẹ̀lé ewúrẹ́. Obìnrin náà ò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra ń fọwọ́ pa orúnkún.

“Mọ́mì, kí ló dé tí ò dìde?”

“Wọn ò tíì ní kó dìde ni.”

Ọdún kẹtàlá rèé tí èmi náà ti kúnlẹ̀ nílé ọkọ.