Àgbo Tí A Kì Í Dárúkọ Ewé Rẹ̀

Kò sí maṣíìnì ìránṣọ tí Àkàndé ò lè tú palẹ̀ kó sì tò padà nínú ọjà ńlá ìlú Tamale. Ká ní maṣíìnì nìkan ló gbájú mọ́, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má wáyé. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, fi àgbo àtọ̀gbẹ kan sílẹ̀ fún un, tòun ti èèwọ̀ rẹ̀: a kì í dárúkọ ewé inú rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé, nọ́ọ̀sì pàápàá, kí agbára rẹ̀ má bàa lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, àwọn Yorùbá àdúgbò Kanvili á gbé ike wá, Àkàndé á bu àgbo fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn dùn létí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Azara, ìyá Anas, tó ń rán aṣọ ilé ìwé, wà lára wọn. Ó ń lo oògùn òyìnbó fún àtọ̀gbẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ti bi Àkàndé rí bóyá kóun sọ ọ̀rọ̀ àgbo fún wọn nílé ìwòsàn.

"Haba, Ìyá Anas! Ṣé wọ́n á gbà fún ẹ ni? Lo tiwọn, mu tèmi, kó o panu mọ́."

Azara panu mọ́. Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, níbi tó ti ń dúró de maṣíìnì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àkàndé, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó sì ṣubú. Àkàndé àti àwọn ará ọjà sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣúgà ara rẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, ó lajú.

Hamdiya, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, fi Hausa bi í pé, "Mama, yàtọ̀ sí oògùn wa, kí lẹ tún mu? Ṣé ẹ ò mu àgbo?"

Azara wo ojú Àkàndé. Ó ní, "Mi ò mu nǹkan kan."

Ojú ti Àkàndé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ló ń bá a pa àṣírí mọ́ yìí. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Àkàndé wá yàtọ̀, ẹnu tó mẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹlòmíì.

Hamdiya ní, "A jẹ́ pé ẹ ò jẹun tó ni. Ẹ lè máa lọ sílé. Ká ní ẹ da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ni, a ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ, torí ṣúgà yẹn lè tún já lójú oorun."

Àkàndé gbé bàtà Azara, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù. Ó ti wọ ọ̀kan tán kó tó dìde.

"Nọ́ọ̀sì, wallahi, ó mu àgbo. Èmi ni mo fún un, èmi náà ni mo ní kó má sọ. Ejìnrìn ni, pẹ̀lú ewúro àti èèpo ọ̀gánwó."

Hamdiya kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní Azara ò lọ mọ́, àwọn á máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò títí di ọjọ́ kejì. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ewé kún oògùn, kó kọ́kọ́ wá fi hàn wá. A kì í na èèyàn." Ló bá wojú Àkàndé. "Baba, ẹ̀yin náà ní àtọ̀gbẹ, ibí lẹ ti ń gba oògùn. Ṣé ẹ̀yin náà ń mu àgbo yìí?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Àkàndé ì bá wọlẹ̀ lọ.

"Rárá," ló wí. "Ó ti tó ọdún méjì. Òòyì ń kọ́ mi bí mo bá mu ún mọ́ oògùn yín, ni mo bá fi í sílẹ̀."

Azara gbọ́. Kò bú u.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ò sì sọ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ bàtà náà.

Nígbà tó di Jímọ̀ọ̀, àwọn oníke dé. Àkàndé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dojú ìkòkò àgbo délẹ̀, ó sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tóun ṣe, títí kan ọdún méjì yẹn. Ojú ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Azara ti padà sílé láti Alárùúbá, ṣùgbọ́n kò wá.