Ìwé Tí Ìyá Àwo Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Ìyá Àwo ni wọ́n ń pe obìnrin náà nílé ìwòsàn, nítorí pé àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò àrùn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò ní yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀gá rẹ̀ ò ju ẹgbẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ìyẹn ò sì dùn ún rárá. Irọ́ ló máa ń dùn ún.

Lọ́sẹ̀ náà, ọmọ tuntun méjì ṣàìsàn nínú yàrá kan. Kòkòrò ara ọmọ àkọ́kọ́ hù ní pupa lórí àwo, ti èkejì hù ní funfun. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, síbẹ̀ oògùn mẹ́ta kan náà ni ò ran méjèèjì. Ìyá Àwo lọ họ ihò síǹkì tí wọ́n ti ń wẹ àwọn ọmọ, ohun tó họ níbẹ̀ sì hù ní pupa lórí àwo. Ọmọ mẹ́rin ṣì kù nínú yàrá yẹn. Ó bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé wọn jáde, wọ́n ní kó mú ìwé èsì àyẹ̀wò wá.

Ọ̀gá ní ìwé kankan ò ní jáde. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ọ̀dọ̀ èyí tó bí i ni kòkòrò ti ń jogún agídí tí oògùn ò fi ń ràn án, pupa ò sì bí funfun, nítorí náà ìyá àgbà tó ṣàyẹ̀wò yìí ló da àwo pọ̀.

Ara ta Ìyá Àwo. Ó ní ta ló sọ fún un pé kòkòrò ń dúró de ọmọ kó tó pín ogún? Ó lè fara ti aládùúgbò rẹ̀, kó da ogún ara rẹ̀ kọ, kó sì fún un ní ẹ̀dà, bí ẹni rọ kọ́kọ́rọ́ ilé fún ará òdìkejì.

Ọ̀gá ní, “Ó wà nínú ìwé, mà. Kò sí níbí.”

Ìyá Àwo gbé àwo méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn mẹ́ta náà wà nínú méjèèjì. Funfun kan tí oògùn yẹn ń pa ló fọ́n sí àkọ́kọ́, nǹkan kan ò hù níbẹ̀. Irú funfun yẹn kan náà ló fọ́n sí èkejì, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ da funfun náà pọ̀ mọ́ pupa inú síǹkì nínú ìgò kan fún ọjọ́ kan. Funfun ti hù kún ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa.

Ọ̀gá yẹ àwo méjèèjì wò. Lẹ́yìn náà ló ti bébà kan sí i. Ó ti kọ “àṣìṣe àyẹ̀wò” síbẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i tàbí kó máa lọ sílé.

Ìyá Àwo yí bébà náà padà, ó kọ ohun tó rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì mú un gòkè lọ bá métírọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Métírọ̀nù kà á, ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé àwọn ọmọ jáde.

Wọ́n ń gbé ọmọ kẹta jáde nígbà tí ọ̀gá sáré dé. Ó bi Ìyá Àwo bóyá ó mọ ohun tó fi orúkọ òun ṣe.

Ìyá Àwo ní, “Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, ọ̀gá. Tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.”