Ọ̀rá Inú Ikùn Mi

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyàwó mi ní Ajah lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ wa Bọ́sẹ̀ ló ní dandan, àfi kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní ikùn mi ti ń ṣíwájú mi wọlé! Ẹ ò rí ọmọ tí mo bí?

Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ bá gbéra láti Lakowe. Ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì ní kí n dùbúlẹ̀, ó de bẹ́líìtì kan tó ní irin pẹlẹbẹ mọ́ mi níkùn. Ó ní iná mànàmáná bíńtín ló máa gba inú mi kọjá. Iná kẹ̀? Mo bi í bóyá kò ní gbé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní n ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ọ̀rá kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Lóòótọ́, n ò mọ nǹkan kan lára, àfi bí irin yẹn ṣe tutù.

Nígbà tó wo ẹ̀rọ tán, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ikùn mi.

Háà! Ìyá Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Èmi ni mo fà á! Ọmọ mi, gbà mí, èmi ni mo fà á!"

Kí ló dé? Àṣé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé sórí igbó ẹ̀yìn ilé wa, tí ewé sì di ohun àwárí, inú ọ̀rá ló ti ń se mọ́ínmọ́ín fún mi. Ó rò pé ọ̀rá yẹn ló yọ́, tó lọ dì sí mi nínú. Èmi gan-an ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀!

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ọ̀rá ara ni mò ń sọ o, irú èyí tó wà lára ẹran! Kì í ṣe ọ̀rá píọ̀-wọ́tà!"

Mo rẹ́rìn-ín títí bẹ́líìtì fi ń mì. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó ti pẹ́ tí àyà òun ti ń já nígbàkígbà tí mo bá ń jẹun. Ọjọ́ mélòó la ti jọ jókòó bẹ́ẹ̀, tí n ò mọ̀?

Mo dìde jókòó, mo nu ojú rẹ̀. Mo ní ẹ̀bà alẹ́ àti ìjókòó ojoojúmọ́ ló bí ọ̀rá mi, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn láràárọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òun á máa bá mi rìn, kí n má baà yà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ò bá yé yín, ẹ ní kó tún un sọ. Kí ẹ sì wo ojú ẹni tó sìn yín wá; ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀rù ń bà jù.

Ta ló ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi rí nítorí àìlera ẹlòmíì, tí kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa. Ìyá Bọ́sẹ̀ ti sún mọ́ mi, ó ní kí n máa ka ohun tí ẹ bá kọ sí òun létí.