Yàrá Tí A Sin Ìyá Mi Sí

Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò lẹ́wà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà sọ ọ́ fún mi. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ewé gbòdògí ni òrùlé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú débi pé àlejò tó bá gbé orí sókè á fi iwájú orí gbá igi. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Ìyá mi rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán, nígbà tó sì kú, inú yàrá rẹ̀ náà la sin ín sí, nítorí a kì í gbé àgbà lọ sin sínú igbó bí ẹni tí kò nílé.

A kì í fi nǹkan kan sàmì sí ojú orórì nígbà náà. Ògiri ni àmì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà yàrá, kí o yà sọ́wọ́ òsì: ibẹ̀ ni ìyá mi wà. Àwọn àbúrò bàbá mi méjì tó gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà létí omi lọ́nà Abigi, níbi tó ti ń ṣòwò, nígbà tí a sin ìyá wa. Èmi nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Bí mo bá ti ilé ọkọ mi ní Ojowo wá, èmi ni mo máa ń rẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, màá sì máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ bí mo ti ń rẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn tí òyìnbó fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, òwò rọ́bà dé, ẹ̀gbọ́n mi sì rí ṣe. Ló bá ní òun á wó ilé, òun á kọ́ onípáànù síbẹ̀. Mo ní kó kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ pọ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Nílé tiwa, ẹni tó mọ ojú orórì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fi hàn, kí wọ́n ri igi mọ́ ibẹ̀, kí a tó wó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá sí Ojowo.

“Àbúrò mi, wá fi ibi tí Yèyé wà hàn mí kí a tó wó ulé.”

“Mi ò wá, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ ò bá mọ ibẹ̀, ẹ ò lè wó o.”

Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, mo gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò gbà á.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ẹnìkan wá sọ pé àwọn ọlọ́wẹ̀ ti kún ilé wa. Mo sáré. Kí n tó dé, ògiri ti wà nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀, torí amọ̀ ògiri àtijọ́ la fi ń mọ tuntun. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ yàrá pàápàá kí amọ̀ lè tó. Mo wá ẹnu ọ̀nà tí màá ti ka ẹsẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí i. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ké bí ọmọdé.

Obìnrin àdúgbò kan ní kí n má sunkún mọ́, pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní ilé ọba ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Ilé tiwa tó wó, ó wó náà ni.

Nígbà tí páànù gun orí ilé tán, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wọlé. Kò yangàn mọ́.

“Ibo ni Yèyé wà níbí?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Mo nàka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ibẹ̀ ju bí òun náà ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀ náà, ó sì sunkún.

Kí òun náà tó kú, ó ní ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni kí wọ́n sin òun sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bi èmi àgbà ilé léèrè ibi tó jẹ́. Mo tún nàka síbẹ̀, wọ́n sì sin ín ti ilẹ̀ lásán.