Dúró-kó-tán, Onígbàjámọ̀ Tó Kọ̀wé sí Olórin

Orí tí wọ́n gẹ̀ láàbọ̀ ni adájọ́ kan gbé jókòó fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bù mọ́ ọn. Bó ṣe rí gan-an nìyí.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni adájọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Aago mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ wà ní kóòtù. Onígbàjámọ̀ ti gẹ apá ọ̀tún tán nígbà tí orin kan bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Ó pa kílípà, ó gbé e sílẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kí ló dé?" ni adájọ́ bi í.

"Ẹ dúró kó tán, sà."

"Kí ló fẹ́ tán?"

"Ẹ̀gbọ́n ń kọrin."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n gbogbo wa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu."

Orin kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, adájọ́ sì rò pé òun lè mú un mọ́ra. Kò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni àwo tuntun olórin náà jáde, àti pé ilé-iṣẹ́ rédíò fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Orin mẹ́sàn-án ni. Ní orin kẹta, adájọ́ pariwo. Ní ìkarùn-ún, ó bẹ̀bẹ̀. Ní ìkeje, ó ti ń mi orí tó kù. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dé kóòtù. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń lé ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan péré pẹ́ síta. Lọ́jọ́ yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ń kun orin kan lábẹ́ imú ni.

Bí onígbàjámọ̀ ṣe di Dúró-kó-tán nìyẹn.

Kì í ṣe ìgbéraga. Òfin iṣẹ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn olórin náà. Obìnrin yìí ló ń kọ orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà ló ń ta gìtá sí i, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ ló sì máa ń kọ. Abẹ wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin lọ. Nígbà tí orin máa fi parí, oníbàárà ti pàdánù irun òkè ojú ọ̀tún.

"Ọwọ́ kan kò lè jíṣẹ́ ọ̀gá méjì," ni onígbàjámọ̀ wí. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin yẹn bá ti ń kọrin, abẹ á sinmi. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló fi pa òfin yìí mọ́. Kò sí ẹni tó tún pàdánù irun tí kò ní kí wọ́n gẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló fi ju olórin náà lọ, síbẹ̀ "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é. Èyí máa ń bí fọkanáísà nínú. Fọkanáísà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ìwọ lo dàgbà jù. Ẹ̀gbọ́n kí lo ń pè é?"

"Ẹni tó bá mọ ohun tí mi ò mọ̀ ti ṣáájú mi dé ayé."

"Ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ pé o wà?"

"Èmi mọ̀ pé wọ́n wà. Nínú àwa méjèèjì, ẹnì kan ti mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ kò jowú. Ó ní ọkọ àwọn ẹlòmíràn máa ń pẹ́ níta, ṣùgbọ́n tòun, ibi tí rédíò bá wà ni òun ti máa rí i. Orúkọ olórin ni wọ́n sọ àkọ́bí wọn. Nígbà tí ìkejì dé, tó tún jẹ́ obìnrin, Dúró-kó-tán ní orúkọ yẹn náà ni.

"Bí mo bá pe ẹnì kan," ni ìyàwó rẹ̀ bi í, "ta ni kó dáhùn?"

"Èyí tó bá sún mọ́ ọ."

Dúró-kó-tán ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta kí Ẹ̀gbọ́n tó fi ẹnu kan iṣẹ́ rẹ̀. Orin nípa ọmọbìnrin kan tó ń fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Dúró-kó-tán fi ń yan bí ẹni tó ni ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹrin, orin náà ń lọ lọ́wọ́, ó sì pa rédíò. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Fọkanáísà ju táyà sílẹ̀, ó sáré wá.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ṣì í ni."

"Ta ló ṣì í?"

"Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní abẹ ń ti ọrùn gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ó ń gun òkè!"

"Kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣebí orin ni."

"Lójú tìẹ. Aláìsàn ni bàbá yẹn. Bí wọ́n bá fá a sókè, ara rẹ̀ á wú. Àwọn èèyàn á sì gbọ́ ọ, wọ́n á máa lọ fá bàbá tiwọn sókè."

Ìwé mẹ́ta ló kà kó tó kúrò ní ilé-ìwé. Ọjọ́ méjì ló fi kọ lẹ́tà náà. Ó kà á sí fọkanáísà létí kó tó lẹ̀ ẹ́, kó tó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n bá òun fi fún olórin:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Orin yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ má fá bàbá sókè mọ́. Ẹ fá a sísàlẹ̀, bí irun ṣe sùn. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná lé e. Bàbá á dúpẹ́. Èmi ni, onígbàjámọ̀ yín."

Èsì kò dé lọ́dún yẹn. Kò dé lọ́dún kejì. Ọdún márùn-ún kọjá, kò dé. Láràárọ̀ tó bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn, ohùn fọkanáísà á ti ti òdìkejì wá:

"Dókítà, ẹ kú àárọ̀ o! Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé ara tó wú ti lọ sílẹ̀?"

"Lẹ́tà máa ń rìn," ni Dúró-kó-tán máa ń fèsì.

Ó ń dùn ún. Kì í ṣe torí pé wọn kò dá a lóhùn. Orin kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà pẹ̀lú àṣìṣe nígbà tí òun bá ti lọ. Ó wá ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn oníbàárà gbọ́ tirẹ̀ títí, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n á ní olórin yẹn kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún kọkànlá, olórin náà wá kọrin ní gbọ̀ngàn ìlú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Alùpùpù fọkanáísà ni Dúró-kó-tán gùn lọ. Fọkanáísà ní òun kàn fẹ́ lọ rẹ́rìn-ín ni. Ìlà kẹfà ni wọ́n jókòó sí.

Nígbà tó kan orin bàbá, Dúró-kó-tán di apá àga mú. Ọmọbìnrin inú orin gbé abẹ. Abẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olórin sì kọ ọ́ pé abẹ ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí irun ṣe sùn.

Fọkanáísà fò sókè. "Wọ́n ti tún un ṣe! Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti tún un ṣe!"

Gbogbo ìlà kẹfà ló ní kó jókòó. Ìlà keje ló fà á jókòó.

Nígbà tí orin parí, olórin gbé gìtá sílẹ̀. "Àṣìṣe kan wà nínú orin yìí tẹ́lẹ̀," ó ní. "Onígbàjámọ̀ kan ló kọ̀wé sí mi. Kò kọ orúkọ, kò kọ àdírẹ́sì. Bó bá wà níbí, kó jọ̀ọ́ dìde, kí n rí i."

Onígbàjámọ̀ mẹ́rin ló dìde. Dúró-kó-tán kò sí lára wọn.

"Dìde!" ni fọkanáísà ń sọ. "Ìwọ ni wọ́n ń pè!"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti sọ ọ́."

"Wọ́n máa gbé iyì rẹ fún àwọn olè wọ̀nyí o!" Fọkanáísà ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, ó gbé e nàró.

Olórin wo àwọn márààrún. "Kí lẹ sọ pé bàbá máa ṣe?"

Ẹni àkọ́kọ́ ní bàbá á yá. Ẹnì kejì ní bàbá á lẹ́wà. Ẹnì kẹta jókòó. Ẹnì kẹrin ti ń wá ọ̀nà ìta.

"Mo ní bàbá á dúpẹ́," ni Dúró-kó-tán wí.

Olórin rìn wá sí etí pèpéle. "Bàbá tèmi gan-an ni mò ń fá nígbà tí lẹ́tà yín dé," ó ní. "Mo fi aṣọ gbígbóná lé e. Mo fá a sísàlẹ̀. Ó dúpẹ́." Ó tún ní: "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Rárá o," ni Dúró-kó-tán dáhùn, níwájú gbogbo gbọ̀ngàn. "Ẹ má dà á rú. Ẹ̀yin ni Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé lórí alùpùpù. Fọkanáísà yíjú sí i. "Ó mọ̀ pé o wà o."

"Àwa méjèèjì ti mọ̀ báyìí," ni Dúró-kó-tán wí.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ló kú, lójú oorun, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Fọkanáísà ló ń sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó bá gbé táyà wá. Nínú tirẹ̀, àwọn onígbàjámọ̀ tó dìde ti di mẹ́tàlá, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń sunkún. Mẹ́rin ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tí bàbá ti dúpẹ́, á tẹrí ba sórí táyà, á máa yí i, bí ẹni tó ń wá ojú ihò tó ń jò. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé mẹ́rin ni. A máa ń tẹrí ba ni, a ó sì bá a wá ihò náà.