Ọjọ́ Tí A Bá Sìdíkátù Lọ Sí Géètì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni; èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ níbẹ̀ nígbà náà.

Sìdíkátù ń di ike sínú páálí lọ́dọ̀ wa kí àìsàn ọpọlọ tó kọlù ú. Ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ yá, dókítà sì ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. "A kì í gba wèrè síbí."

Ọ̀gá kò mọ̀ pé Sìdíkátù kò dá wà. Lọ́sàn-án Sátidé, àwa kan tí irú àìsàn yẹn ti bá fínra máa ń pàdé nílé kéú kan ní Joju. A kì í ṣe dókítà. À ń bi ara wa pé, "Ṣé o sùn? Ṣé o lo oògùn rẹ?" Ẹni tí a kò bá rí, a óò wá a délé. Àlàájì Múfútáù, télọ̀ tó dá ìpàdé náà sílẹ̀, a máa sọ pé ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá kọ̀ ọ́ yẹn, Sìdíkátù bú sẹ́kún. Ó ní òun kò lo oògùn mọ́, kí ni ó kù tí òun ń yá fún? Àlàájì dìde fùú.

"Ó yá, láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wa là ń bá ọ lọ!"

A lọ lóòótọ́. A tò sẹ́nu géètì bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń wọlé. Ọ̀gá jáde sí wa.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwa wèrè yẹn ni," ni Àlàájì dáhùn. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ẹ̀rín sọ! Ojú ọ̀gá pọ́n, ó kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, ẹ bá mi lé wọn."

Yàtọ̀ sí Sìdíkátù, kò sẹ́ni níbi iṣẹ́ tó mọ ibi tí mò ń lọ ní Sátidé.

"Ọ̀gá, ọ̀kan nínú wọn ni mí. Èmi náà ń lo oògùn. Bí ẹ ò bá ní í gbà á, ẹ lé èmi náà."

Ni Ìyá Ìbejì, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà lọ́sàn-án, bá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó lé akọ̀wé lé mi o!"

Àwọn tó wà nínú gbọ́, wọ́n pa ẹ̀rọ kan, wọ́n pa òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ fi kú. Mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, ọ̀gá ti gbà. Bí Sìdíkátù ṣe ń wọlé, à ń hó, àwọn ọlọ́kadà náà ń fọn fèrè fún un.

Ó ṣì wà níbi iṣẹ́ títí dòní. Èmi kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́; wọ́n wá ẹ̀sùn mìíràn sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lé mi. Ó dùn mí, àmọ́ bí wọ́n bá tún gbé e wá lọ́la, ohun kan náà ni n óò sọ. Ohun tó kù ni pé ẹnu lásán ni ọ̀gá fi gbà, fún ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Bí ẹ bá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ẹ rí i pé ó wọ inú àdéhùn: ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ bí ẹni ń tọrọ àánú fún àwọn kan tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín nínú ìpàdé. Àwa la jókòó tì yín.