Ilà Funfun Lójú Ìyá Aláṣọ

Wọ́n ha ilà ojú ìyá aláṣọ dànù kí ìwé ìròyìn wa tó jáde. Gọ̀ǹbọ́ tí wọ́n kọ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kékeré ni ọ̀bẹ kan pa rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ouagadougou, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso, tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Tí mo bá dijú báyìí, òórùn yíǹkì tútù àti kẹrosínì tí a fi ń nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń kọ́kọ́ dé, kí eruku pupa àdúgbò Gounghin tó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ayàwòrán wa, ọmọ tí obìnrin Yorùbá kan bí fún ọkùnrin Faransé ní ìlú náà, ló ní òun fẹ́ ojú gidi fún èèpo ìwé, pé àwọn omidan inú ìwé Paris ti sú òun. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ ìyá aláṣọ ní àdúgbò Hamdalaye. Ìyá náà gbà kíá, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìròyìn èké ti délé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ó kú sójú ọ̀nà. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣe fìdáù rẹ̀.

“Lẹ́tà kò ràn án,” ó ní. “Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó ní ẹni tó ń kà á ń tan òun ni. Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí mi.”

Ó jókòó láàárín ìdì aṣọ. Oòrùn ń gba ara aṣọ aláró tó ta sókè kọjá, gbogbo ìsọ̀ wá dà bí ìsàlẹ̀ odò. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń dún lórí ìwé. Bóyá a pẹ́ níbẹ̀, bóyá a ò pẹ́, ọ̀rẹ́, n kò lè sọ.

Àwo méjì la fi ń tẹ èèpo ìwé: àwo irin fún dúdú, àti rọ́bà pẹlẹbẹ tí ayàwòrán ń fọ̀bẹ gbẹ́ fúnra rẹ̀, fún àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ tó bo ojú àwòrán. Ẹni tó ń ṣe àwo irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ Faransé. Ó rí ilà náà, ó rò pé nǹkan ló ha irin òun, ó bá fọ̀bẹ tún un ṣe títí ó fi dán.

Ìyá aláṣọ wo èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀. “Ta nìyí? Ìyàwó òyìnbó kọmandáǹ ló wé gèlè?” A bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ tún ti pa mí nìyẹn.”

Ọ̀gá wa ní kò sí irin mìíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣòwò tí yóò kó ìwé lọ sílé kò ní dúró. Ayàwòrán fa rọ́bà rẹ̀ yọ. Ibi tó bá gbẹ́, àwọ̀ kò ní dé ibẹ̀. Ojú ìwé lásán ni yóò hàn.

“Funfun kẹ̀?” ni ìyá náà wí.

“Màmá, òun nìkan ló kù. Ẹ fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn mí, kí n má ṣì í,” ni ayàwòrán wí.

Ó mú ìka ọmọkùnrin náà, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ilà kan tẹ̀ lé òmíràn. “D'accord, mo gbà,” ó ní níkẹyìn. “Gbẹ́ ẹ, ọmọ mi. Barka, o ṣeun.”

Lẹ́yìn ìgbà òjò ni oníṣòwò kan padà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyá tó bí ìyá aláṣọ: “Ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n ta ló fi ẹfun kùn ún lójú?”

Ìyá aláṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa gbọ́, ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, a kò gbọdọ̀ tẹ ojú ẹnikẹ́ni kí olójú tó wò ó. Èmi gba àṣẹ náà fún ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ ohun tó ṣàjèjì létí mi, n kì í tún un ṣe mọ́. Mo máa ń bi í léèrè ná.